Mẹkáníìkì ní kí n yọ EFI Micra mi, kí n fi káburétọ̀ sí i. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará ilé. Micra 1.0 ni mo ń wà, Ọ̀jọ́ọ̀ sí Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni mo ń ná. Láti ìgbà tí òjò ti dé ni ọkọ̀ yìí ti ń jẹ epo ní àjẹjù. Èéfín dúdú ló ń tú láàárọ̀. Ó máa ń kú mọ́ mi lọ́wọ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ní Sángo, tí mo bá sì kó èrò kún, gígun bíríìjì Mọ́kọ́lá á di ìjàkadì. Mẹkáníìkì mi ní brain box, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ti kú, pé kí n jẹ́ kí òun tú gbogbo EFI rẹ̀ (ètò tí kọ̀ǹpútà yẹn fi ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì) dànù, kí òun fi káburétọ̀ àtijọ́ tí kò lo kọ̀ǹpútà sí i. Ó ní òyìnbó kò ṣe EFI fún irú epo tiwa. Owó tó pè kò kéré o. Ṣé kí n gbà?

Bàbá Apátá

Gbà fún un, ọmọ mi. Peugeot 504 ni mo fi ṣiṣẹ́ tọ́ àwọn ọmọ mi yanjú. Tó bá ṣe ségesège, a ó tú káburétọ̀ sílẹ̀, a ó fẹnu fẹ́ jẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a ó dè é padà, ó di ọ̀nà Ifẹ̀. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ti di tẹlifíṣọ̀n. Iná kan ṣoṣo á tàn nínú rẹ̀, ẹ ó máa wá ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà kiri.

Àgbà Mẹkáníìkì, Aràrọmi

Bàbá, mo júbà o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ọmọ yìí sílẹ̀ kó tó náwó.

Micra tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ọ̀dọ̀ wa ní Gate ni wọ́n máa ń wọ́ ọ wá gbẹ̀yìn. Ohun tí wọn kì í sọ fún yín rèé: kì í ṣe epo nìkan ni brain box ń bójú tó nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Òun náà ló ń pàṣẹ ìgbà tí iná máa ta lẹ́nu pílọ́ọ̀gì. Tí ẹ bá yọ ọ́, ta ni yóò máa sọ fún iná pé kó yá díẹ̀ tàbí kó dúró díẹ̀? Wọ́n á tún lọ wá dísítíríbútọ̀ (ẹ̀rọ tó ń pín iná fún pílọ́ọ̀gì) ọkọ̀ mìíràn wá lẹ̀ mọ́ ọn. Ìyẹn ọ̀kan. Pọ́ǹpù inú táǹkì EFI ń ti epo jáde ní agbára bíi 3 bar. Káburétọ̀ kò nílò ju bíi ìdá mẹ́wàá ìyẹn lọ. Tí wọ́n bá so ó mọ́ pọ́ǹpù yẹn, epo á kún àkúnwọ́sílẹ̀, á máa dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn lè fà. Bí wọ́n bá wá ní kí ẹ ra pọ́ǹpù mìíràn, kí ẹ ra mánífólù (páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì) mìíràn, kí ẹ san owó iṣẹ́, ẹ wò ó bóyá owó yẹn kò ní tó ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ kan pẹ̀lú brain box rẹ̀ ní Aràrọmi.

Àti pé ta ló yẹ brain box yẹn wò tó fi mọ̀ pé ó ti kú? Nínú gbogbo ohun tó wà nínú EFI, òun ni kì í sábàá bàjẹ́, àfi tí omi bá wọ ọ́ tàbí tí ẹnìkan bá so bátìrì sódì. Ẹ̀tẹ̀ la ó kọ́kọ́ wò ká tó wo làpálàpá.

Ìyá Sienna

Ẹ ṣeun, Àgbà. Ẹni bá ní ọkọ̀ ní Ìbàdàn yìí tí wọn kò tíì sọ fún pé "brain box ni", kó dìde ká rí i.

Olùkọ́ Poly

Ẹ jẹ́ ká mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ná. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ó ṣòro kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ tàn án.

Nínú káburétọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń já wọ inú ẹ́ńjìnnì ló ń fa epo jáde láti ojú ihò jẹ́ẹ̀tì. Bí ihò náà ṣe tóbi tó ni epo ṣe máa pọ̀ tó. Káburétọ̀ kò mọ ohun tó ń jáde ní sàlẹ́ńsà, kò sì kàn án. EFI ní tirẹ̀ á kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́, á wá ṣírò epo tó bá a mu. Kí bẹntiróòlù tó lè jó tán láìṣẹ́kù, kílò 1 rẹ̀ ń fẹ́ nǹkan bíi kílò 14.7 afẹ́fẹ́. Gbogbo làálàá EFI, orí iye yìí ló dá lé.

Ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ pín sí ọ̀nà méjì. Ti àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn fílítà afẹ́fẹ́: wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, iná ń mú un gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń kọjá lórí rẹ̀ ń mú un tutù. Iná tí wọ́n ní láti fi kún un kó má bàa tutù jù, òun ni brain box fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ tó wọlé ṣe pọ̀ tó. Ti èkejì kì í wọn afẹ́fẹ́ gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́ nínú mánífólù ló ń wò, brain box á fi eré ẹ́ńjìnnì àti ooru afẹ́fẹ́ kún un, á ṣírò ìyókù.

Sẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn nǹkan fún brain box) kan tún wà tó ń ka bí kráńkì, irin tí písítìnì ń yí, ṣe ń yí àti ibi tó yí dé. Ọ̀kan wà nínú omi radiétọ̀ tó ń yí ẹ́ńjìnnì ká, láti mọ̀ bóyá ó ti gbóná. Ọ̀kan wà ní tíróotù, ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tí ẹsẹ̀ ń ṣí, láti mọ ibi tí ẹ tẹ ẹsẹ̀ dé. Ọ̀kan wà lára sàlẹ́ńsà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wo ọ́síjìn tó ṣẹ́kù nínú èéfín. Tí ọ́síjìn bá ṣẹ́kù púpọ̀, epo kò tó nìyẹn, fóltì rẹ̀ á lọ sílẹ̀ sí nǹkan bíi 0.1. Tí epo bá pọ̀ jù, fóltì á gòkè sí bíi 0.9. Nínú ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáṣá, á máa lọ sókè sódò láàárín méjèèjì láìdúró, brain box á sì máa fi díẹ̀ kún epo, á máa yọ díẹ̀ kúrò.

Nọ́sù fúnra rẹ̀ kò mọ nǹkan kan. Fáàfù kékeré tó ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì ni, iná ló ń ṣí i. Brain box á fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ kan mọ́ ẹ́ẹ̀tì, ó ṣí. Á tú u sílẹ̀, ó pa. Torí pé agbára tó ń ti epo kì í yí padà púpọ̀, bó ṣe pẹ́ tó ní ṣíṣí ni epo ṣe máa pọ̀ tó. Tí ẹ́ńjìnnì gbígbóná bá wà lórí ìdúró, ìdá bíi méjì sí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan ni nọ́sù fi ń ṣí. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, kráńkì ti yí lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́ta láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, nọ́sù kọ̀ọ̀kan á sì ti ṣí, á ti pa lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nínú irú èyí tí nọ́sù ń ṣí ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Ibi tí mo ń lọ rèé. Brain box kò rí epo, kò rí afẹ́fẹ́. Ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ bá sọ fún un ló mọ̀. Tí ọ̀kan bá purọ́, brain box tí kò ní àrùn kankan lára á fi irọ́ yẹn ṣe ìṣírò tó pé pérépéré, epo á sì máa ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ pé wọn kò ṣe é fún epo wa, òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, mo máa fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń tú pọ́ǹpù lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan yìí kì í ṣe tuntun. Ilé-iṣẹ́ Bendix ní Amẹ́ríkà ló gbé Electrojector, EFI tiwọn, jáde ní 1957, kò rọgbọ. Bosch ti Jámánì ló wá tún un ṣe, tí wọ́n gbé D-Jetronic wọ inú Volkswagen 1600 ní 1967 fún ọjà Amẹ́ríkà, torí òfin tó ń dín èéfín kù. 504 Bàbá gan-an kò tíì jáde nígbà yẹn.

Bàbá Apátá

Olùkọ́, mo gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ ìwé.

Rìwáyà Mọ́kọ́lá

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀, dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà. Ṣé tẹ́mósítáàtì, fáàfù tó ń dá omi radiétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná, wà nínú ọkọ̀ rẹ? Tí o bá dé Dùgbẹ̀, níbo ni abẹ́rẹ́ ooru máa ń dúró?

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Wọ́n ti yọ ọ́ kí n tó ra ọkọ̀ náà, wọ́n ní kó má bàa máa gbóná. Abẹ́rẹ́ kì í kúrò nísàlẹ̀, pàápàá tí òjò bá ń rọ̀. Mo rò pé ohun tó dáa ni?

Rìwáyà Mọ́kọ́lá

Kò dáa, ẹ̀gbọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń fura.

Gbogbo wa là ń yọ tẹ́mósítáàtì ní ìlú yìí. Nínú ọkọ̀ káburétọ̀, o lè yọ ọ́ kó má ṣe ọ́ ní nǹkan púpọ̀. Nínú EFI, sẹ́ńsọ̀ omi ló ń sọ fún brain box pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó. Tí omi bá ń yí láìdúró, tí òjò ń fọ́n sí radiétọ̀, ooru á máa wà ní ìdajì ọ̀nà. Brain box á gbà pé àárọ̀ ni, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ tanná sí ọkọ̀ ni, á máa fi epo kún un. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ fi ń mu epo òwúrọ̀. Kò ya èèyàn lẹ́nu pé èéfín rẹ̀ dúdú, pé kò lágbára.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán, wọ̀n ọ́n. Ra mítà kékeré tàbí kí o yá a. Láàárọ̀ kí o tó tanná, yọ ṣọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ omi, èyí tó ní wáyà méjì. Àwọn ọkọ̀ kan tún ní sẹ́ńsọ̀ oníwáyà kan tó jẹ́ ti abẹ́rẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn kọ́ là ń sọ. Fi mítà sí ohm (ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́nà tó), wọn sẹ́ńsọ̀ náà. Tí ooru bá wà ní bíi 20 sí 30 lórí Celsius, ó yẹ kó wà láàárín nǹkan bíi 1,500 sí 3,000. Wa ọkọ̀ náà dáadáa, kí o tún wọn ọ́n. Ní 80, ó yẹ kó ti wálẹ̀ sí bíi 300. Bí o ti ń wọn ọ́n, wo ẹnu ṣọ́kẹ́ẹ̀tì náà, bóyá àwọ̀ ewé ti bò ó. Ìpẹtà níbẹ̀ máa ń fi ohm kún un, ọ̀kan náà sì ni lójú brain box: "òtútù ṣì wà."

Àgbà Mẹkáníìkì, Aràrọmi

Rìwáyà, o ṣeun. Mo fẹ́ fi kún un pé kíkú tó ń kú ní Sángo lè ní ẹ̀ka tirẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kúrò lórí tíróotù, ihò kékeré kan ni afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Tí èéfín àti òróró bá ti dì mọ́ ibẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwẹ̀ káburétọ̀ fọ tíróotù àti fáàfù ìdúró rẹ̀ tónítóní. Kí wọ́n má fi irin há a.

Ìwẹ̀ yẹn kò gbọ́dọ̀ kan wáyà tó ń wọn afẹ́fẹ́ o. Tirẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ń tà á lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kan á fi àkísà nù ún, wáyà á já, wọ́n á wá sọ fún yín pé ó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ìyá Sienna

Ẹ gbọ́ tèmi náà. Sienna mi ń jẹ́ẹ̀kì, iná check engine tàn. Ibi tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n pa nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dà. Ó ń jẹ́ẹ̀kì síbẹ̀. Ẹlòmíràn ní pọ́ǹpù ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló wá fi skánà kékeré tí wọ́n ń so mọ́ fóònù wò ó, ó gbé kóòdù P0171 jáde: afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó rí i pé fóònù náà ń fi hàn pé brain box ti ń fi ìdá tó lé ní 20 nínú ọgọ́rùn-ún kún epo nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n tí a bá ń sáré, ó dínkù. Ó ní afẹ́fẹ́ kan ń gba ẹ̀yìn wọlé láìjẹ́ pé wọ́n wọn ọ́n. Rọ́bà afẹ́fẹ́ ńlá tó wà láàárín fílítà àti tíróotù ló ti ya nísàlẹ̀, ibi tí ojú kò tó. Rọ́bà lásán!

Nítorí náà kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ra skánà kékeré yẹn. Ó máa sanwó ara rẹ̀.

Olùkọ́ Poly

Ẹ̀gbọ́n yín gbọ́n. Ìdí tó fi dínkù nígbà eré ni pé ihò yẹn kò tóbi sí i, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mu ti pọ̀ sí i, ohun tó ń jò kò wá tó nǹkan mọ́ lára rẹ̀. Ká ní pọ́ǹpù ni kò lágbára ni, òdìkejì ló máa ṣẹlẹ̀: ìdúró á dára, eré àti òkè ni epo á ti máa wọ́n. Kóòdù kan náà, àrùn méjì. Kóòdù kì í sọ ohun tí ẹ máa rà, ó kàn ń sọ ibi tí ẹ máa wò ni.

Rìwáyà Mọ́kọ́lá

Màmá, ọ̀rọ̀ skánà yẹn dára fún Sienna. Ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti 1996, OBD-II (ìlànà àyẹ̀wò kan náà fún gbogbo ọkọ̀) ni gbogbo wọn, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 16 lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Micra àtijọ́ tó ń ti Yúróòpù wọlé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń lo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì Nissan tirẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ 14. Skánà fóònù kò ní wọ ọ́. Ẹni tó ní skánà Nissan ni kí ẹ wá, tàbí kí ẹ fi mítà ṣiṣẹ́ bí mo ti wí.

Ohun kan tún wà. Àwọn tó ń ra kátálíìsì (ẹ̀rọ tó ń sọ èéfín di mímọ́) káàkiri, tí wọ́n bá gé e lára sàlẹ́ńsà yín, ẹ ṣọ́ sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà níwájú rẹ̀. Ìyẹn ni brain box fi ń tún epo ṣe. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n gé e kúrò pẹ̀lú wáyà rẹ̀, wọ́n sì sọ fún oníyẹn pé kò wúlò.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Mo ti wọn ọ́n o. Láàárọ̀: 2,100. Lẹ́yìn tí mo ti lọ Dùgbẹ̀ tí mo ti bọ̀: 700. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ tónítóní, kò ní ìpẹtà.

Rìwáyà Mọ́kọ́lá

Sẹ́ńsọ̀ rẹ kò purọ́ nìyẹn. 700 túmọ̀ sí pé omi wà láàárín 50 sí 60. Òótọ́ ló ń sọ, ẹ́ńjìnnì rẹ ni kò gbóná. Ra tẹ́mósítáàtì, èyí tó ń ṣí ní nǹkan bíi 80, kí o sì rí i pé fáànù radiétọ̀ ń ṣiṣẹ́ kí o tó fi sí i, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáànù tó kú ni wọ́n fi yíyọ yẹn bò mọ́lẹ̀. Pa pílọ́ọ̀gì dà, fọ tíróotù bí Àgbà ti wí. Fi brain box sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àgbà Mẹkáníìkì, Aràrọmi

Mo fara mọ́ ọn. Kí o sì pààrọ̀ òróró ẹ́ńjìnnì. Epo tó pọ̀ jù yẹn ti ń ṣàn wálẹ̀ lára písítìnì, ó ti là á lómi. Fa dípísítììkì yọ, gbóòórùn rẹ̀, wàá rí i pé bẹntiróòlù wà nínú rẹ̀.

Kí n wá dá sí ọ̀rọ̀ epo tí Olùkọ́ fi sílẹ̀. Lóòótọ́, ohun tó ń pa EFI lọ́dọ̀ wa ni ìdọ̀tí àti omi. Ihò ẹnu nọ́sù kéré gan-an, ohun tí káburétọ̀ máa gbé mì, nọ́sù kò lè gbé e mì. Ìbẹ̀rẹ̀ 2022, nígbà tí wọ́n kó epo tí methanol inú rẹ̀ ti kọjá ìwọ̀n wọ Nàìjíríà, tí NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó epo, fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó ṣẹlẹ̀, pọ́ǹpù ni gbogbo ènìyàn ń wá rà ní Gate. Ẹ má ra epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá títì àfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Tí ẹ bá rí ọkọ̀ agbépo tó ń da epo sílẹ̀ ní ilé epo, ẹ kọjá lọ, torí ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ kànga wọn ti rú sókè. Kí ẹ sì máa pààrọ̀ fílítà epo.

Ọ̀rọ̀ táǹkì tún ńkọ́? Epo tó yí pọ́ǹpù ká nínú táǹkì ló ń fẹ́ ẹ tutù. Ẹni tó ń fi iná pupa rìn lójoojúmọ́ nítorí epo ti wọ́n, mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù ló ń sun jẹ. Bí ẹ bá lè máa fi ìdá mẹ́rin táǹkì sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Bàbá Apátá

Ó dáa, mo gbà fún yín lórí Micra. Ẹ wá dá mi lóhùn: bí EFI yín bá kú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ ní Ògúnmákin lóru, tí ẹ́ńjìnnì ń yí tí kò tanná, kí ni èèyàn máa fẹnu fẹ́?

Ìyá Sienna

Bàbá! 😂😂

Rìwáyà Mọ́kọ́lá

Bàbá, ìbéèrè gidi ni. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀, ẹ pa rédíò, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, ẹ má tíì tanná. Ẹ gbọ́ ẹ̀yìn, níbi táǹkì. Ó yẹ kí pọ́ǹpù dún fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì kó sì dákẹ́. Tí kò bá dún, ẹ wo fíùsì rẹ̀, lẹ́yìn náà rílèè rẹ̀ (ṣíwíìṣì kékeré tí iná ń ṣí). Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, rílèè họ́ọ̀nù tàbí ti fáànù bá a dọ́gba. Tí nọ́ńbà ara wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ẹ dé ilé. Tí fíùsì àti rílèè bá dára, tí pọ́ǹpù ṣì dákẹ́, ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fi ẹsẹ̀ gbá ìsàlẹ̀ táǹkì bí ẹlòmíràn ti ń tanná. Pọ́ǹpù tó ń kú lọ máa ń jí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má tún pa á kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti máa rí mẹkáníìkì.

Ẹ má tú páìpù epo wò lóru pẹ̀lú àtùpà, ẹ jọ̀wọ́. Agbára wà nínú rẹ̀ síbẹ̀ bí ọkọ̀ tilẹ̀ ti kú.

Tí pọ́ǹpù bá ń dún tí kò sì tanná, ẹ wo abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì bí ẹ ṣe ń tanná, tí ọkọ̀ yín bá ní in. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí kò bá mì rárá, sẹ́ńsọ̀ kráńkì ni kò sọ̀rọ̀. Brain box kò ní ṣí nọ́sù, kò sì ní ta iná, torí kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ń yí.

Awakọ̀ Ọ̀jọ́ọ̀

Èyí tó máa ń kú tó bá gbóná, tó sì máa ń tanná tí wọ́n bá sinmi ńkọ́? Micra ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́níyà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Rìwáyà Mọ́kọ́lá

Sẹ́ńsọ̀ yẹn kan náà ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Wáyà inú rẹ̀ máa ń já tó bá gbóná, á tún pàdé tó bá tutù. Inú dísítíríbútọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ Micra yẹn. Sọ fún un pé nígbà tó bá kú, kó rọra fi àkísà tútù bo ara dísítíríbútọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, kí omi má kàn wọ ẹnu wáyà, kó tún tanná. Tó bá ta lójú ẹsẹ̀, kó wá odindi dísítíríbútọ̀ tòkunbọ̀ ní Aràrọmi, kó sì ní kí wọ́n fi iná wò ó fún òun níbẹ̀ kó tó sanwó.